Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká gé díkódà ilé, ká kó tẹlifíṣọ̀n wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àbíkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé àwọn òbí wa ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn, la fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun sí. Màmá mi ló ń gbébẹ̀, pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin tí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣeré rárá, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa ṣe wáyà ní kí n má wulẹ̀ san owó díkódà mọ́, pé ayé ti kúrò níbẹ̀, pé tó bá fi ọdún díẹ̀ sí i kò ní sí dííṣì lórí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ní àpótí kékeré kan tí òun máa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìkànnì ayé ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa sanwó, kò sí owó oṣù.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa fáíbà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, gba àdúgbò wa, a ò tíì gbà á sílé. Band A ni wọ́n fi wá sí, iná ò burú, àmọ́ ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Kí lẹ rí sí i? Ohun tí mo fẹ́ ni èyí tí màmá máa lè fọwọ́ ara wọn tẹ̀, tí wọn ò ní máa pè mí lálaalẹ́ pé "Àbíkẹ́, kiní yìí tún ti dúdú."

Àdìó_Oníwáyà

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun l'Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, àpótí "gbogbo ìkànnì ayé" yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má rà á. Kódà bó bá fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á.

Lóṣù kẹfà ọdún 2025, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáráyé nípa ohun tí wọ́n ń pè ní BADBOX 2.0. Àwọn àpótí Android olówó pọ́ọ́kú wà lára ẹ̀, tí wọ́n ti ki ètò burúkú sínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n, tàbí tí ètò náà bá áàpù tí kò ti ibi tó dájú wá wọlé nígbà tí èèyàn ń tò ó. Lóṣù keje ọdún yẹn ni Google pe àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lẹ́jọ́ ní New York, wọ́n ní ohun èlò tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ilé ni pé ó ń sọ íntánẹ́ẹ̀tì yín di ojú ọ̀nà olè. Ọmọ Yahoo kan lè jókòó sí ìlú mìíràn, kó jọ pé inú ilé màmá yín ló ti ń lu jìbìtì. Tí àpótí bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa Google Play Protect, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ áàpù wò, kóun tó ṣiṣẹ́, tàbí tó bá ń fún yín ní ìkànnì olówó ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Smart TV, tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, tí ètò Google TV tàbí irú ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀ látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kẹ́ ẹ rà. Íǹṣì 32 tàbí 43 tó fún pálọ̀ tí kò fẹjú jù. Èyí tó jẹ́ LED íǹṣì 32 kì í sábà jẹ ju wáàtì 30 sí 60 lọ, ińfátà kékeré á gbé e. Ohun táwọn èèyàn ń gbàgbé ni ráútà. Ẹ so ráútà àti àpótí funfun tí wáyà fáíbà ń wọ̀ mọ́ ińfátà kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á lọ, tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa tàn, gbogbo ilé á wá jókòó máa wo kiní róbótó tó ń yí po.

Bọ́dá_Bọ́ọ̀lù

Àǹtí wa, ṣé ẹ ti bi àbúrò yín léèrè? Torí àwa tí à ń wo bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú wa ń rí nǹkan. Agége ni mò ń gbé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà lódìkejì títì. Díkódà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n á ti pariwo "góòòlù!" títí wọ́n á fi jókòó padà, lọ́dọ̀ tèmi ẹni tó máa gbá a wọlé ò tíì rí bọ́ọ̀lù gbà. Kí wá ni mò ń wò? Ìtàn ni mò ń wò.

Àdìó_Oníwáyà

Ẹ̀gbọ́n, ó ní ìdí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Apple, tó gbé HLS, ìlànà fífi fídíò ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, jáde, dámọ̀ràn ìṣẹ́jú àáyá 6. Tẹlifíṣọ̀n yín á kó bí ẹyọ mẹ́ta pamọ́ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn, kó má bàa máa dákú tí íntánẹ́ẹ̀tì bá rọ̀. Ẹ wá fi àkókò tí wọ́n fi ń ṣètò fídíò náà lọ́hùn-ún kún un, ìdajì ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. Ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ ti wà, kò tíì kárí ni.

Sátẹ́láìtì ní tiẹ̀, ó ń sọ àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀, ilé mílíọ̀nù kan lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kò kàn án. Ìyá olóúnjẹ ni íntánẹ́ẹ̀tì: abọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń bù lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí Netflix àti YouTube fi ń gbé sáfà tiwọn, kọ̀ǹpútà tó ń kó fídíò pamọ́, sínú ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kí fíìmù tí gbogbo èèyàn ń wò lè ti ìtòsí wá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́, kò ṣe é kó pamọ́ dè.

Túndé_Dátà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹ ń dẹ́rù ba àǹtí lásán. Èmi ò ní díkódà, mi ò ní ẹ́ríà. Fáíbà àti tẹlifíṣọ̀n, ó tán. Netflix ti wọ Nàìjíríà láti January 2016. Ẹ wo ètò tẹlifíṣọ̀n díjítà ìjọba: 17 June 2015 ló yẹ kí gbogbo wa ti kúrò lórí ti àtijọ́. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní April 2016. Ó di 2021 kó tó kan Èkó. Títí di báyìí wọn ò tíì parí ẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Kí ni màmá fẹ́ fi dííṣì ṣe?

Àdìó_Oníwáyà

Túndé, ṣé o rántí 14 March 2024? Wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE, SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. Báńkì ò ríṣẹ́ ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ ilé ò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní ẹ́ríà lórí òrùlé gbọ́ ìròyìn lọ́jọ́ náà. Mi ò ní kí wọ́n máa san owó díkódà olówó gọbọi lóṣooṣù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ́ríà tàbí dííṣì tí kò ní owó oṣù ò gbowó lọ́wọ́ yín, kí lẹ fẹ́ tú u kúrò fún?

Túndé_Dátà

Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ mú bọ̀, ẹ̀gbọ́n Àdìó.

Àdìó_Oníwáyà

Àwọn awalẹ̀ ojú títì ńkọ́? Wọn ò fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi lórí gígé fáíbà.

Tíṣà_Àgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àríyànjiyàn, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Ìbàdàn tí Àbíkẹ́ ń sọ yìí náà ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀, ní 31 October 1959, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí. Ojú fèrèsé onífèrèsé la ti ń wò ó nígbà yẹn. Látìgbà náà, mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti sọ fún wa pé tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn máa lè bá sọ̀rọ̀, tó máa dáhùn, ti dé tán.

Ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, December 1977, ilé iṣẹ́ Warner gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní QUBE. Bọ́tìnì wà níwájú olùwòran, ó máa dìbò, ó máa dáhùn ìbéèrè láti orí àga rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ní December 1994, Time Warner tún gbé òmíràn dìde ní Orlando, ní Florida, fún ilé bí 4,000: fíìmù nígbà tó bá wù ọ́, ọjà rírà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó di 1997, wọ́n ti í pa, torí owó ohun èlò tó wọ ilé kọ̀ọ̀kan ga ju ohun tó lè mú wọlé lọ. Ẹ wò ó dáadáa: fíìmù nígbà tó bá wù ọ́, òun náà lẹ̀ ń wò lónìí. Ìlérí náà ò kú. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ló tètè jí ju ìlú lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ọdún díẹ̀ sí i", ẹ bi í pé ọdún mélòó.

Ọ̀rọ̀ kejì. Àwa ń wò ó, òun náà ń wò wá. Ní 2017, Vizio gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 2.2 ní Amẹ́ríkà nítorí pé tẹlifíṣọ̀n mílíọ̀nù 11 tí wọ́n tà ń kó àkọsílẹ̀ ohun tí onílé ń wò láìjẹ́ pé onílé mọ̀ sí i. ACR ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n wọn nìkan ló ní in. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tan tuntun yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó máa bi yín ní ìbéèrè gígùn, ó máa fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ "mo gbà" sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má kánjú tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa ìpolówó ọjà àti wíwo ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò, kẹ́ ẹ pa á.

Àbíkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Àdìó, mo ti sọ fún onítọ̀hún pé a ò ra àpótí mọ́. Inú ẹ̀ ò dùn. Ẹ wá bá mi ṣírò dátà o, torí mo gbọ́ pé fíìmù ń jẹ ẹ́ púpọ̀.

Àdìó_Oníwáyà

Ìṣirò Netflix fúnra wọn rèé: àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ń jẹ tó 1 GB ní wákàtí kan, HD ń jẹ tó 3 GB, 4K ń jẹ tó 7 GB. Tí ilé yín bá ń wo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ní HD, 9 GB nìyẹn, ó ti di 270 GB kí oṣù tó parí. Ní àwòrán kékeré, 90 GB. Lórí tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32, ojú màmá ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, ẹ lọ sínú sẹ́tìńgì kẹ́ ẹ dín in kù. Ẹ sì rántí pé àwọn ọmọdé ò mọ wákàtí mẹ́ta.

Ẹ má fi hotspot fóònù ṣe é, á gbẹ yín. NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i ní January 2025 pé káwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la mọ ibi tó já sí. Fáíbà tí wọn kì í ka GB rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè bóyá òpin wà tó bá dé tí wọ́n máa fà á sẹ́yìn, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti ń lò ó bó ṣe ń rí láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Aago méjì ọ̀sán kọ́ lẹ máa fi dán an wò.

Aṣàtúnṣe_Fíìmù

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè. Fíìmù Yorùbá ni mò ń bá wọn tò, l'Èkó. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ohun tí màmá máa wò gan-an. Fíìmù Yorùbá tó máa ń wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, tó tún di síídì, tí wọ́n ń kó láti Ìdúmọ̀tà àti Alábà, orí YouTube ló wà báyìí, lófẹ̀ẹ́, ìpolówó ọjà ló ń sanwó ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ti ní ìkànnì tara wọn. Owó tó ń wọlé ń yàtọ̀ sí ibi tí olùwòran wà, torí ẹni tó ń polówó ọjà ní London tàbí Houston ń san ju ẹni tó ń polówó níbí lọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i pé ìtàn wa ń ti Ìbàdàn fò lọ sí Canada láàárín kan!

Tíṣà ní ìlérí bọ́tìnì ò kú. Lójú tèmi, bọ́tìnì ò ṣe pàtàkì. Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ ni ẹnìkejì tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ sí ohun tí wọ́n ń wò. Tí a bá fi fíìmù tuntun sí Premiere lórí YouTube, gbogbo èèyàn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa kọ̀wé bó ṣe ń lọ: "Ìyàwó yìí ò ní í gbọ́!" "Ọkọ yẹn náà ò dáa." "Mò ń wò yín láti Dublin." Wọ́n ń bá òṣèré jà, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń kọ ohun tó yẹ ká ṣe ní apá kejì, a sì ń kà á. Mo mọ ìtàn tí a yí ìparí apá kejì rẹ̀ padà nítorí ohun tí wọ́n kọ. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní rìmóòtù àrà ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Netflix náà gbìyànjú fíìmù tí olùwòran fi ń yan ibi tí ìtàn máa yà sí. Ìparí 2024 ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò.

Orí rìmóòtù ò ṣe é kọ̀wé, ìyà ni. So YouTube fóònù mọ́ ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, máa wo àwòrán lókè, máa kọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Akọ̀wé_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní London níbí, àwọn BBC, ITV, Channel 4 àti Channel 5 kó ara wọn jọ ní April 2024, wọ́n gbé Freely jáde: ìkànnì tó ń lọ lọ́wọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ tẹlifíṣọ̀n, láìsí ẹ́ríà. Tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀ kó o tó dé, o lè dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn. Síbẹ̀ ìjọba ibí ò tíì pa ẹ́ríà: wọ́n ní títí di 2034, ó kéré tán, Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tó ń gba orí ẹ́ríà, ṣì máa wà. Ìlú tí iná kì í lọ ni mò ń sọ o. Túndé, ṣé o gbọ́?

Àbíkẹ́, nínú ẹbí tiwa, ìjọ àti ìsọmọlórúkọ ló gbé màmá wa dórí YouTube. Láàárọ̀ Sunday wọ́n á wo ìsìn ìjọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, èmi náà á wò ó níbí, ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sísàlẹ̀ àwọn náà á rí i. Àwọn àna mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, tàfúsírù Ramadan ni tiwọn, wọ́n á máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Alfa, Alfa á dárúkọ wọn: "Alhaja láti Òṣogbo, a rí ìbéèrè yín." Ẹ ò rí bí ojú Alhaja ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà!

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo

Àǹtí Àbíkẹ́, ti àwọn ọmọ méjèèjì yẹn ni mo bá wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lo àkáǹtì màmá. Ẹ ṣí YouTube Kids fún wọn, ẹ fi PIN sí áàpù yòókù, ẹ má sọ PIN náà fún àbúrò yín torí òun ló máa kọ́kọ́ tà yín. Ohun tí ọmọ bá wò ló ń sọ fún YouTube ohun tó máa gbé wá lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àkáǹtì ṣì jẹ́ ọ̀kan, bàbá wọn fẹ́ wo ìròyìn, eré ọmọdé aláwọ̀ mèremère ló kún ojú ẹ̀. Ẹ tún pa ibi tó ti ń fúnra ẹ̀ gbé fídíò tó kàn wá, wọ́n ń pè é ní Autoplay. Ó máa dùn wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á tán.

Fún màmá: ẹ kó áàpù gbogbo kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ fi mẹ́ta péré sílẹ̀. Rìmóòtù tó ní bọ́tìnì YouTube lára ni kẹ́ ẹ wá. Ti fífi ohùn pàṣẹ, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó yìn ín. Mo ní kí tiwa gbé "àwọn orin ewì" wá, ó gbé ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe wá fún mi.

Bọ́dá_Bọ́ọ̀lù

😂😂 Ẹ fọ aṣọ yín, Ìyá Ìbejì.

Àbíkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo máa ṣe rèé: smart TV íǹṣì 43, fáíbà, ráútà sórí ińfátà. Díkódà á wà níbẹ̀, àmọ́ màá já a sí owó tó kéré jù, àbúrò mi ló máa máa dá iyókù san lóṣù tí bọ́ọ̀lù bá wà. Ó ti ń ráhùn. Màmá ní ṣé àwọn náà máa lè kọ̀wé sábẹ́ fíìmù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún àwọn òṣèré kan.

Ọmọ_Ṣakí

Ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó túká. Fáíbà ò dé ọ̀dọ̀ wa, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ò sì dúró. Ṣé Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì yẹn, máa gbé tẹlifíṣọ̀n? Sólà kékeré la ní.

Àdìó_Oníwáyà

Á gbé e dáadáa. January 2023 ló wọ Nàìjíríà, mo ti so ó fún àwọn èèyàn lágbègbè Ìmẹ̀kọ. Iná ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí. Àwo ńlá rẹ̀ ń jẹ bíi wáàtì 75 sí 100 ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, ìyẹn ju tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32 fúnra ẹ̀ lọ. Àwo kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini ò ju wáàtì 25 sí 40 lọ, òun ni màá mú fún sólà kékeré. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò o, ojú ọ̀run ló fẹ́ rí. Bátìrì yín, ampere mélòó ni, ti omi àbí lithium? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n bá yín ṣírò ẹ̀.